Ìdágunlá, Àìbìkítà, Àìnáání: Èwo Ló Wà Nínú Ilé Yín?

Ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ sísè tàbí aṣọ rírán kọ́ ni a fẹ́ jíròrò lé lórí lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ tí ó ti tú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ká láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni na ẹnikẹ́ni, láìjẹ́ pé àwọn aládùúgbò gbọ́ ariwo kankan. Òun ni ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní indifference.

Bí a bá ní kí ẹni mẹ́wàá tí ó gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí sí Yorùbá, ìtumọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni a ó rí gbà lọ́wọ́ wọn. Ọ̀kan yóò ní ìdágunlá ni; òmíràn yóò ní àìbìkítà; ẹlòmíràn yóò ní àìkọbiarasí; ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ yóò ní àìnáání. Mo ti dán an wò láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń kọ́ nípa ìtọ́jú ilé, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kì í sì í ṣe pé Yorùbá kò yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Èdè wa ni ó ti rí i láti ìgbà pípẹ́ pé ohun tí Gẹ̀ẹ́sì kó sínú àpò kan ṣoṣo yìí kì í ṣe ohun kan náà.

Kí ni ó wá kan ìyàwó ilé nínú èyí? Ó kàn án gidigidi. Orúkọ tí a bá sọ àìsàn ni a fi ń wá oògùn rẹ̀. Obìnrin tí ó bá pe ìdágunlá ọkọ rẹ̀ ní àìbìkítà yóò wá oògùn tí kò bá àrùn mu. Àwọn ẹbí tí ó bá sì pe àìsàn ìyá ìkókó ní àìbìkítà lè fi ẹ̀mí ènìyàn ṣeré láìmọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fúnra rẹ̀, nítorí ìtàn rẹ̀ dùn. Láti inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un wá, ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ kò sì ju kí a má fi ìyàtọ̀ sáàárín ohun méjì lọ. Ìwà rere ni wọ́n sábà máa ń fi í pè nígbà náà. Nínú Ìwé Àdúrà Ìjọ Áńgílíkà ti ọdún 1662, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fi gbàdúrà fún àwọn aláṣẹ pé kí wọ́n máa ṣe ìdájọ́ láìṣègbè, láìwo ojú olówó tàbí tálákà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún ni ọ̀rọ̀ náà yí padà: ẹni tí kì í ṣègbè sí ẹnikẹ́ni di ẹni tí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kò kàn. Wọ́n tún ń lò ó fún ohun tí kò dára tí kò sì burú, bí ọbẹ̀ tí ẹnu kò kọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè pé kí a bu òmíràn sí i.

Àwa tí a ń kọ́ni ní ètò ìnáwó ilé tún ní ìlò tiwa. Francis Edgeworth ni ó gbé e kalẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ní ọdún 1881, Vilfredo Pareto, ará Ítálì, sì tún un ṣe ní ọdún 1906. Ohun tí wọ́n ń sọ kò le rárá fún ẹni tí ó bá ti ná ọjà rí. Ká ní ẹnì kan gbé àpò méjì síwájú yín. Kóńgò gààrí mẹ́rin àti kóńgò ẹ̀wà kan wà nínú èkíní. Kóńgò gààrí méjì àti kóńgò ẹ̀wà méjì wà nínú èkejì. Bí ó bá jẹ́ pé èyíkéyìí tí wọ́n bá fún yín nínú méjèèjì ni inú yín yóò dùn sí bákan náà, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé lára mu nìyẹn. Kì í ṣe pé oúnjẹ kò jọ yín lójú. Ìyàtọ̀ láàárín àpò méjèèjì ni ẹ kò rí. Èyí wúlò nínú ilé. Bí ẹ bá bi ọkọ yín pé kí ni kí ẹ sè, tí ó sì ní, "Èyíkéyìí tó bá wù ọ́," ẹ má tètè bínú. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé iyán àti àmàlà rí bákan náà lójú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í pé ilé ìwé wo ni kí ọmọ lọ, tí ó sì fún yín ní èsì kan náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àpò gààrí.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tiwa, ìdágunlá ni ó ń ṣi àwọn ọ̀dọ́ ìyàwó lọ́nà jù lọ. Ẹni tí ó ń dágunlá gbọ́, ó rí, ó sì mọ̀. Ó kàn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ ni. A kì í dágunlá sí ohun tí a kò mọ̀ pé ó wà. Ọmọ tí a pè lẹ́ẹ̀mẹta tí ó ń bá eré rẹ̀ lọ ń dágunlá. Ìyàwó tí inú ń bí, tí ọkọ rẹ̀ kí i káàárọ̀ tí ó sì kọjú sí ògiri, ìdágunlá ni òun náà ń ṣe. Ọkàn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tutù rárá. Nígbà mìíràn ó gbóná ju ọkàn ẹni tí ń pariwo lọ. Ọ̀nà ìjà kan ni ìdágunlá, ẹni tí ó sì ń fi í jà ṣì ń retí nǹkan: ó ń retí ẹ̀bẹ̀, tàbí àlàyé, tàbí kí ẹnì kan tilẹ̀ jókòó tì í kí ó ní, "Kí ló dé?"

Nítorí náà, ọkọ tí ó ń dágunlá kò tíì pa ilé tì. Ohun tí ó burú ni kí a fi ìdágunlá dá ìdágunlá lóhùn. Ẹ̀yin náà ti rí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún ni ó sì di ikọ̀ láàárín wọn. "Lọ sọ fún bàbá rẹ pé oúnjẹ ti wà nílẹ̀." "Lọ sọ fún màmá rẹ pé mo ti jẹun níta." Ọmọ náà kò mọ ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó ń ru ẹrù rẹ̀ láti yàrá dé pálọ̀. Bí ẹ̀yin kò bá tíì lè sọ̀rọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò tíì lè sọ̀rọ̀: "Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀la." Gbólóhùn kékeré yìí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ọkọ yóò sì mọ ibi tí òun dúró.

Àìbìkítà yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ìbínú nínú rẹ̀, kò sì sí ìrètí. Ohun tí ó yẹ kí ó ká ènìyàn lára ni kò ká a lára mọ́. Elie Wiesel, Júù tí wọ́n bí sí Ròmáníà ní ọdún 1928, tí ó la àgọ́ ìpànìyàn àwọn Násì ní Auschwitz àti Buchenwald já, tí ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní ọdún 1986, sọ̀rọ̀ lórí ewu ìwà yìí ní ilé ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1999. Ó ní ó léwu ju ìbínú àti ìkórìíra lọ, nítorí pé ẹni tí inú ń bí ṣì lè dìde ṣe nǹkan. Ọ̀rọ̀ ìpakúpa ni ó ń sọ, ọ̀rọ̀ inú ilé ni tèmi, ń kò sì fẹ́ fi kékeré wé ńlá. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti jókòó ti àwọn ìyá àgbà yóò ti gbọ́ ohun tí ó jọ ọ́ lẹ́nu wọn. Ìyàwó tí ó ṣì ń jà kò tíì fẹ́ lọ. Èyí tí ó dákẹ́, tí ó ń bọ̀wọ̀ fún ọkọ bí ẹni bọ̀wọ̀ fún àlejò, tí kò bi í níbi tí ó sùn mọ́, òun ni kí a kíyè sí.

Ohun a ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ohun tí ó bá jẹ́ tiwa nìkan ni àìnáání lè bà jẹ́. Ẹni tí kò náání ọkọ tàbí aya rẹ̀ kò kórìíra rẹ̀; ó ti mọ́ ọn lára jù ni. Ọkọ tí kò rántí ìgbà tí ó dúpẹ́ oúnjẹ kẹ́yìn wà lára wọn. Aya tí ó ń fi ohùn bí oyin dá àwọn oníbàárà rẹ̀ lóhùn láti àárọ̀, tí ó sì ń gbé ìyókù ohùn náà bọ̀ wálé lálẹ́, òun náà wà lára wọn, bí kò tilẹ̀ dùn mọ́ wa láti gbọ́.

Kí a má ṣe da ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ ìmójúkúrò o. Bí ìyá ọkọ bá sọ̀rọ̀ gún yín lára, tí ẹ sì jẹ́ kí ó kọjá, ẹ gbọ́ ọ, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sì yàn láti má gbà á sọ́kàn. Ìyẹn iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìpatì. Ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ ọ kí wọ́n máa sọ fún ọ̀dọ́ ìyàwó pé kí ó mójú kúrò lára ọkọ tí kò fún un ní owó oúnjẹ láti oṣù mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ náà kò bá ibẹ̀ mu. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, wọ́n ní ó ń pọ́n.

Ti àìkọbiarasí kò ju ojú àti etí lọ: ikọ́ ọmọ tí a gbọ́ lọ́jọ́ kìíní tí a kò kà sí, wáyà iná tí ó ń ta páráná, omi tí ń jò. Ó sì wọ́pọ̀ jù ní ibi tí ènìyàn bá pọ̀ sí. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́, ṣùgbọ́n bí ọgọ́rùn-ún àgbà bá wà lọ́jà ńkọ́? Ní ọdún 1968 ni àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, John Darley àti Bibb Latané, tẹ ìwádìí kan jáde. Wọ́n mú kí akẹ́kọ̀ọ́ kan jókòó nínú yàrá, kí ó máa gbọ́ ohùn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn láti inú ẹ̀rọ bí ẹni pé wárápá mú onítọ̀hún lójijì. Nígbà tí ó gbà pé òun nìkan ni òun ń gbọ́ ọ, 85 nínú 100 ni ó dìde lọ pe ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nígbà tí ó gbà pé àwọn mẹ́rin mìíràn tún ń gbọ́, 31 péré ni. Àwọn tí kò dìde kì í sì í ṣe ọ̀dájú. Ọwọ́ àwọn mìíràn nínú wọn ń gbọ̀n, àtẹ́lẹwọ́ wọn ń làágùn. Olúkúlùkù wọn rò pé ẹlòmíràn yóò ti lọ.

Ẹ lo èyí nínú ilé. Bí ìkòkò bá ń jóná tí ènìyàn márùn-ún sì wà ní pálọ̀, ẹ má kígbe sí afẹ́fẹ́ pé, "Ṣé ẹ ò gbóòórùn ni?" Ẹ pe orúkọ ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọmọ ayálégbé kejì bá ń sunkún ní òru mẹ́ta tẹ̀léra wọn, ẹ gbà pé ẹ̀yin nìkan ni ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ sì lọ kanlẹ̀kùn wọn ní àárọ̀. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Mo wá fẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó rò pé ọmọ oṣù mẹ́ta kò mọ̀ bóyá a kọbi ara sí òun tàbí a kò kọbi ara sí òun, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti yó tí ìdí rẹ̀ sì gbẹ. Ní àwọn ọdún 1970, onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tí ń jẹ́ Edward Tronick fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ìyá bá ọmọ rẹ̀ ṣeré bí ó ti máa ń ṣe, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó sọ̀rọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí ó dẹ́kun, kí ó kàn máa wo ọmọ náà láìfajúro, láìrẹ́rìn-ín, láìfọhùn, fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọmọ náà rí i kíákíá. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀ láti fà á padà, ó nawọ́, ó pariwo. Nígbà tí kò rí èsì, ó yí ojú kúrò, ara rẹ̀ sì rọ. Nígbà tí ìyá náà padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀, ọmọ náà kò kàn gbàgbé lójú ẹsẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà fún un.

Ẹ kíyè sí i pé ìyá yẹn kò lọ síbì kankan. Ojú rẹ̀ ń wo ọmọ. Ojú tí kò dáhùn ni ọmọ kò lè gbà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù àgbéká ju bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti fẹ́ lọ: ọmú wà lẹ́nu ọmọ, ojú ìyá sì wà lára fóònù, ó ń ka ohun tí kò ní rántí bí ó bá di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ má bàa sùn pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, ẹ jẹ́ kí n fi apá kejì kún un. Tronick kan náà rí i pé ìyá tí ó dára kì í bá ọmọ rẹ̀ dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Kò tilẹ̀ tó ìdajì àkókò. Ọmọ á fẹ́ ṣeré, ìyá á máa ro ọbẹ̀. Ìyá á fẹ́ ṣeré, oorun á máa kun ọmọ. Kí wọ́n padà rí ara wọn lẹ́yìn náà ni ó ṣe pàtàkì. Ìyá tí ń fọ aṣọ tí ó sì ń dá ọmọ lóhùn láti ibi tí ó wà ti ṣe púpọ̀.

Wàyí o, ìyá kan wà tí kò lè dáhùn. Ó bímọ, gbogbo ènìyàn bá a yọ̀. Ilé kún títí di ọjọ́ kẹjọ, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Bí ọ̀sẹ̀ kejì ti ń parí lọ, ẹni tí ó wá bá a wẹ ọmọ ti palẹ̀ mọ́, ọkọ ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wá ku òun àti ọmọ. Ọmọ ń ké, ó ń gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ọkọ̀ tí ń kọjá ní títì. Ó ń gbé e, ó ń fún un lọ́mú, ṣùgbọ́n kò wò ó lójú. Bí àwọn àbúrò ọkọ bá dé, wọn á ní, "Kò bìkítà, irú ìyá wo rèé?" Ẹlòmíràn á tilẹ̀ sọ pé ó ń dágunlá ni nítorí pé ọmọ tí kò fẹ́ ni ó bí.

Kì í ṣe ìdágunlá, kì í sì í ṣe àìbìkítà. Àìsàn ni, ìsoríkọ́ lẹ́yìn ìbímọ ni. Ẹ má kà á mọ́ ẹkún ọjọ́ díẹ̀ tí ó máa ń dé bá ọ̀pọ̀ ìyá ní ọ̀sẹ̀ kìíní, nítorí ìyẹn a máa lọ fúnra rẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Bí ó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, bí oorun kò bá kun ìyá nígbà tí ọmọ tilẹ̀ sùn, bí oúnjẹ kò bá dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́, bí ó bá ń sọ pé òun kò wúlò, tàbí pé òun kò mọ ohun kan lára nípa ọmọ náà, ó yẹ kí dókítà rí i. Ní ọdún 1987, John Cox, Jenifer Holden àti Ruth Sagovsky ṣe ìbéèrè 10 jáde ní Ẹdinbọ́rọ̀ ní Skọ́tílándì, èyí tí àwọn oníṣègùn ní Nàìjíríà náà ti lò. Ohun tí ìyá ti mọ̀ lára láàárín ọjọ́ 7 sẹ́yìn ni wọ́n ń béèrè: bóyá ó ṣì lè rẹ́rìn-ín sí ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín, bóyá ó ń sunkún, bóyá ẹ̀rù ń bà á láìnídìí. Kò sí èyí tí ó béèrè bóyá ìyá rere ni tàbí ìyá búburú.

Ní ilẹ̀ tiwa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lambo ti fi hàn tipẹ́ pé àárín ènìyàn ni a ti ń wo irú àìsàn ọkàn báyìí sàn. Ní Aro, ní Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, àwọn aláìsàn rẹ̀ ń gbé ní abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká, ẹbí kan sì ní láti wà pẹ̀lú olúkúlùkù wọn. Wọn kò fi aláìsàn pa mọ́ fún ìtìjú.

Bí ẹ bá ní ọ̀rẹ́ tàbí àbúrò tí ó rí bẹ́ẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ wàásù fún un pé kí ó dúpẹ́ nítorí pé àwọn mìíràn ń wá ọmọ tí wọn kò rí. Ó mọ̀ ọ́n. Ó ti fi bá ara rẹ̀ wí láti òru àná. Ẹ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí méjì kí ó lè sùn. Ẹ gbé oúnjẹ gbígbóná lọ, kí ẹ sì jókòó tì í títí yóò fi jẹ ẹ́. Ẹ bi í léèrè bí ara òun fúnra rẹ̀ ti rí, kì í ṣe ti ọmọ. Ẹ sọ fún ọkọ rẹ̀ ní gbangba pé àìsàn ni, kí ẹ sì bá wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ìtọ́jú tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe wà, oògùn sì wà tí ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú lè lò lábẹ́ àmójútó dókítà. Bí ó bá sì sọ fún yín, kódà bí ẹni ń ṣàwàdà, pé ó ń ṣe òun bíi kí òun pa ara òun tàbí ọmọ náà lára, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ má sì dúró kí ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó gbé e lọ.